Ìsọ̀ Tí Oníbàárà Ló Ni Ín

Ó ti lé ní ọdún 175 tí àwọn ènìyàn ti ń da owó pọ̀ láti dá ìsọ̀ oúnjẹ tiwọn sílẹ̀. Àwọn kan fìdí múlẹ̀ títí di òní. Àwọn mìíràn túká kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe bí ọjà ṣe wọ́n tàbí bí ó ṣe pọ̀ nìkan ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Ohun mẹ́ta ni: owó, ọwọ́ àti ohùn àwọn tó ni ín.

Tòǹgólò àti ẹni tó ń wọn ọjà

Kò sí ìyá ilé kan ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ tí kò mọ tòǹgólò. Agolo yìí ni a fi ń wọn ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀wà àti gàrí fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó àpò rà. Ojú oníbàárà kì í kúrò lára rẹ̀. Ṣé ó kún dé ẹnu? Ṣé wọn kò lu ìdí rẹ̀ wọ inú, kí ohun tí yóò gbà lè dín kù? Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, ó lè tọrọ ènì, ó sì lè kọjá sí ìsọ̀ kejì. Agbára rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò mọ iye tí ọlọ́jà ra àpò náà, kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń dá iye lé e, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ó yẹ kí a fi èrè ṣe.

Èyí kò sọ ọlọ́jà di olè. Òun náà san owó ọkọ̀, owó ìta àti èlé orí owó tí ó yá. Bí àgbàdo bá pọ̀ lásìkò ìkórè ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, owó rẹ̀ a wálẹ̀. Bí oṣù kẹrin bá dé tí àká ti ń gbẹ, owó rẹ̀ a gun òkè. Ẹni tó ní owó àti àká láti fi pa á mọ́ láàárín àkókò méjèèjì ni èrè ń tọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ẹni tó gbìn ín, kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ẹ́, kì í sì í ṣe obìnrin tó ń fi tòǹgólò tà á.

Láti inú irú ìnira bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kan ti jáde ní ilẹ̀ púpọ̀: bí àwọn tó ń ra oúnjẹ bá fúnra wọn ni ìsọ̀ tí wọ́n ti ń rà á, kí ni yóò yí padà? Irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ alájẹṣẹ́kù, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní coopérative. Orúkọ tí Yorùbá fún un sọ ìtumọ̀ rẹ̀ tán: à ń jẹ, ó sì ń ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ṣẹ́ kù, àwọn ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ jẹ. Ìtàn ìsọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èyí hàn.

Owó: pẹ́ńsì méjì lọ́sẹ̀

Ìlú Rochdale wà ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí Manchester. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ hun aṣọ níbẹ̀, owó iṣẹ́ wọn sì ti wálẹ̀ gan-an. Oúnjẹ tí wọ́n ń rà pẹ̀lú ìwọ̀nba owó náà kò mọ́. Àwọn oníṣòwò kan ń po ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n ń da ewé mìíràn mọ́ ewé tíì, òṣùwọ̀n wọn kò sì pé.

Ní ọdún 1844, àwọn ènìyàn 28 pinnu láti dá ìsọ̀ tiwọn sílẹ̀. Ahunṣọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Pọ́n-ùn kan ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì lágbára láti san án lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ́ńsì méjì-méjì lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni pẹ́ńsì 240 ló wà nínú pọ́n-ùn kan nígbà náà. Àwọn agbowó ń lọ láti ilé dé ilé láti gbà á. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 1844, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ìsọ̀ kékeré kan ní òpópó Toad Lane. Ọjà inú rẹ̀ kò jù bọ́tà díẹ̀, ṣúgà, ìyẹ̀fun, ọkà lílọ̀ àti àbẹ́là lọ. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní; wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Kì í ṣe ọjà ni ó pọ̀ ní Toad Lane, ìlànà ni. Ọjà gbọdọ̀ mọ́, òṣùwọ̀n sì gbọdọ̀ pé. Iye tí a ń tà á ní ìlú ni a ó máa tà á, a kò ní dín in láti fi bá ẹlòmíràn jà. Ní òpin oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, a ó ṣe ìṣirò, a ó sì pín èrè padà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá rà. Nípa bẹ́ẹ̀, ìyá ilé tí kò lè fi kọ́bọ̀ kan pamọ́ rí i pé oúnjẹ tí ó ń rà fún àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bá a kó owó jọ. Ọ̀pọ̀ fi èrè náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ de ọjọ́ ìṣòro. Ìlànà tó wúwo jù lọ sì ni pé ìbò kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ìbáà ṣe ẹni tó ní ìpín kan tàbí ẹni tó ní mẹ́wàá, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 74 ní òpin ọdún 1845. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1850, wọ́n ti tó 600.

Àwìn tó ń pa ìsọ̀

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ṣàdédé gbọ́n. Ní ọdún 1833, ìsọ̀ alájẹṣẹ́kù mìíràn ti ṣí ní ìlú Rochdale kan náà, kò sì pé ọdún mẹ́ta tí ó fi kógbá sílé. Àwìn ló pa á. Ìdí nìyí tí àwọn ti ọdún 1844 fi pinnu pé owó lọ́wọ́ ni a ó fi máa rajà, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìpinnu yìí lè dà bí ìkà létí ẹni tó mọ bí nǹkan ṣe rí ní àdúgbò wa. Àánú ni àwìn jẹ́ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò tíì gba owó oṣù, tàbí tí ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìdílé púpọ̀ ni ìbá sun ebi bí kò bá sí ọlọ́jà kan tó sọ pé, “Ẹ máa gbé e lọ, ẹ ó mú owó wá.” Ṣùgbọ́n ìsọ̀ ẹnì kan yàtọ̀ sí ìsọ̀ àjọni. Ọlọ́jà tó ń ta àwìn ń fi owó ara rẹ̀ ṣàánú. Ó mọ ẹni tó jẹ ẹ́, ó sì mọ ìgbà tí yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Nínú ìsọ̀ àjọni, aládùúgbò ni ẹni tó gbé ọjà àwìn lọ jẹ ní gbèsè, àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó kù pẹ̀lú. Ta ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn ta ni? Ojú a máa ti akọ̀wé láti béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè a bẹ̀rẹ̀ sí yà fún ìsọ̀, ẹni tí kò jẹ a máa kùn, nígbà tó bá sì ṣe, ohun tí a dá sílẹ̀ láti so àdúgbò pọ̀ a di ohun tó tú u ká.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣàánú lè ṣe é láìba ìsọ̀ jẹ́. Ó lè ya àpótí kan sọ́tọ̀ láti inú èrè fún ìgbà ìṣòro, kí ìpàdé sì fi ẹnu kò lórí ẹni tí a ó ràn lọ́wọ́ àti iye tí a ó fún un. Owó tí a fi ń ra ọjà kò ní mì. Àánú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀.

Ọwọ́: wákàtí mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Owó ìpín ń sọ ènìyàn di ọmọ ẹgbẹ́ lórí ìwé. Ohun tó ń sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ nínú ọkàn ni iṣẹ́ tí ó ṣe. Ní Brooklyn, ní ìlú New York, àwọn ará àdúgbò kan dá ìsọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1973, wọ́n sì pè é ní Park Slope Food Coop. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò lè rajà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kọ̀ láti wá ṣiṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti rà. Bí àgbàlagbà mẹ́ta bá wà nínú ilé kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọdọ̀ wọ ẹgbẹ́ kí wọ́n sì ṣiṣẹ́, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnì kan ni yóò máa ru ẹrù gbogbo ilé. Lónìí, ọmọ ẹgbẹ́ wọn lé ní 15,000.

Ní Paris, ìsọ̀ La Louve tẹ̀ lé àpẹẹrẹ náà. Ọmọ Amẹ́ríkà méjì tó ń gbé níbẹ̀ ló mú èrò náà wá, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún ìpàdé kí ìsọ̀ náà tó ṣí ní ọdún 2016, ní àgbègbè kejìdínlógún ìlú náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ń gbé. Wákàtí mẹ́ta ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fi ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn kan ń já ẹrù, àwọn kan ń to ọjà, àwọn kan ń gba owó, àwọn kan ń gbá ilẹ̀. Euro 100 ni owó ìpín, èyí tó tó nǹkan bí 65,600 fáráńkì Sẹ́ẹ̀fà. Ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba nítorí àìní ń san euro 10 péré, ìyẹn nǹkan bí 6,560 fáráńkì. Ìbò wọn dọ́gba.

Ẹni tó bá ti jí ní òwúrọ̀ láti já àpò àlùbọ́sà mọ ìdí tí àlùbọ́sà fi ń jẹrà. Ẹni tó bá ti jókòó nídìí owó mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde. Láàárín iṣẹ́, ẹni méjì tí kò ní ìdí kankan láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní òpópó a mọ orúkọ ara wọn. Àwọn àgbà ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. A kì í sábà ja ohun tí a fi òógùn ara ẹni tò ní olè.

Síbẹ̀, òfin iṣẹ́ yìí ní ẹ̀gún tirẹ̀. Obìnrin tó ń lọ sí ọjà ní ìdájí tí ó sì ń dé ní alẹ́, ìgbà wo ni yóò rí wákàtí mẹ́ta? Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ tàbí ìyá àgbà ńkọ́? Bí òfin bá le jù, àwọn tí ìsọ̀ náà ìbá ràn lọ́wọ́ jù lọ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n a jẹ́ kí iṣẹ́ bá ọwọ́ ẹni mu. Ọlọ́kadà lè ru àpò méjì láti oko, ẹni tó ní yàrá gbígbẹ lè gba ẹrù sílé, ọ̀dọ́ tó mọ̀wé lè kọ ìwé ìṣirò, ìyá tó mọ àgbàdo tí kòkòrò ti wọ̀ sì lè bá ẹgbẹ́ yẹ ọjà wò kí a tó rà á. Iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bákan náà.

Èsúsú tí ẹnikẹ́ni kì í kó

Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ ìtàn pẹ́ńsì méjì lọ́sẹ̀ àti ti wákàtí mẹ́ta, kò ní ṣe é ní kàyéfì. Ó mọ èsúsú, nínú èyí tí ẹgbẹ́ ń dá iye kan náà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń kó o nígbà tó bá kàn án. Ó mọ àárò, nínú èyí tí àwọn ọ̀gbà ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko ní ẹsẹẹsẹ. Ó mọ ọ̀wẹ̀ tí a ń bẹ̀ láti kọ́ ilé tàbí láti ṣán oko. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ìsọ̀ alájẹṣẹ́kù nílò kì í ṣe ohun àjèjì.

Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Èsúsú ní òpin. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn bá kó tirẹ̀ tán, ẹgbẹ́ lè túká, kò sì sí ohun tó ṣẹ́ kù láàárín wọn àfi ọ̀rẹ́. Owó ìsọ̀ yàtọ̀: èsúsú tí ẹnikẹ́ni kì í kó ni. Ó wà níbẹ̀ lóṣù yìí, ó wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ó ń di àpò ìrẹsì, ó ń padà di owó. Ohun tó sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn tí kò sí ẹni tí yóò kó o, ojú kòkòrò a máa wà lára rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ alága kan tí kì í jíhìn, kò ní pẹ́ tí yóò fi dà bí ẹni pé òun ló ni ín. Ìdí nìyí tí owó àti ọwọ́ kò fi tó. Ohùn gbọdọ̀ wà.

Ohùn: ẹ̀kọ́ oko ọ̀pẹ

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti rí ẹgbẹ́ tí kò ní ohùn rí. Ní ọdún 1961, nígbà tí a ṣì ń pè é ní Dahomey, òfin kan dá ẹgbẹ́ àwọn oko ọ̀pẹ ńlá sílẹ̀ ní gúúsù. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ sínú ààlà oko náà di ọmọ ẹgbẹ́, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba ló sì ń darí iṣẹ́. Orúkọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ìpín wà níbẹ̀, ọ̀pẹ sì so. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, oko ìjọba ni, kì í ṣe tiwọn. A kò lè fi òfin sọ ènìyàn di onílé nínú ilé tí kò dá sí bí a ṣe ń kọ́ ọ.

Òfin tó wà lónìí gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2010, ní ìlú Lomé, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú OHADA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára wọn, fọwọ́ sí òfin kan ṣoṣo fún gbogbo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Wíwọ ẹgbẹ́ àti jíjáde kúrò nínú rẹ̀ di ohun tí ẹni bá fẹ́. Ènìyàn márùn-ún péré lè dá irú ẹgbẹ́ tó rọrùn jù sílẹ̀. Irú kejì, tó ní ìgbìmọ̀ olùdarí, ń béèrè ènìyàn 15. Ìbò kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Rochdale. Àwọn tó ń darí yàtọ̀ sí àwọn tó ń ṣọ́ wọn, ìpàdé gbogbogbòò ló sì ń yan àwọn méjèèjì.

Òfin náà tún pàṣẹ pé kí a ya apá kan èrè sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Ní àwọn ọdún 1850, àwọn ará Rochdale ń yọ fáráńkì méjì àbọ̀, bí a bá fi owó tiwa sọ ọ́, nínú ọgọ́rùn-ún fáráńkì èrè láti fi ra ìwé àti láti fi tọ́jú yàrá ìkàwé tó wà lókè ìsọ̀ wọn. Àwọn ahunṣọ wọ̀nyí ti rí i pé ẹni tí kò lè ka ìwé ìṣirò kò lè ṣọ́ owó rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kan ìlú wa. Èdè Faransé ni a fi ń kọ ìwé òfin ẹgbẹ́ púpọ̀, òun náà ni a sì fi ń kọ ìwé owó wọn. Akọ̀wé a kà á ní ìpàdé, àwọn ìyá a gbọ́ ohùn rẹ̀ láìgbọ́ ohun tó ń sọ, a ó sì ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́. Gbogbo ọwọ́ a nà. Ìbò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni a ti dì í. Ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn náà, tí owó bá ti dín, a ó sọ pé àwọn obìnrin kò mọ ẹgbẹ́ ṣe.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nira. Pátákó kan lára ògiri ìsọ̀ tó: iye tí a ra àpò, owó ọkọ̀, iye tí a ń tà á, ohun tó ṣẹ́ kù, gbogbo rẹ̀ ní èdè Yorùbá àti ní òǹkà tí ẹni tó ti kọ́ ìwé àgbà fún oṣù mélòó kan lè kà. Kí a kà á sókè ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè títí ìbéèrè yóò fi tán. Àríyànjiyàn yóò wà. Bí a ti ń jà, bí i ká kú kọ́. Ẹgbẹ́ tí a kì í ti í bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn aṣáájú ni kí a bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹni tó di agolo mú

Ènìyàn márùn-ún tó mọ ara wọn dáadáa lè fi ọjà méjì tàbí mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti bẹ̀rẹ̀ ní Toad Lane: àgbàdo tí a rà lásìkò ìkórè, gàrí, epo, iyọ̀. Wọ́n lè fi èsúsú tí wọ́n ti ń dá tẹ́lẹ̀ kó owó àkọ́kọ́ jọ. Bí oṣù kẹrin bá dé tí àgbàdo sì wọ́n, wọ́n yóò mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Tòǹgólò yóò ṣì wà nínú irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wá ra ẹ̀wà lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò di agolo náà mú lọ́la láti wọn ọjà fún aládùúgbò rẹ̀. Ó mọ iye tí a ra àpò, ó sì mọ ọ̀nà tí èrè ń gbà lọ. Kò sì sí ìdí tí yóò fi lu ìdí agolo wọ inú, nítorí pé òun náà ni wọn yóò fi wọn ọjà fún.